Gìtá Oníná ní Ilẹ̀ Onílù

Ní ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, ayẹyẹ kì í pé láìsí ìlù. Bí wọ́n bá ń sọ ọmọ lórúkọ, wọn a lùlù. Bí wọ́n bá ń gbé ìyàwó, wọn a lùlù. Bí ọba bá sì ń jáde, onílù ni í ṣáájú rẹ̀, tí yóò máa fi ìyáàlù ki oríkì àwọn baba ńlá rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí a bí sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti gbọ́ ìlù kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n lóde òní, etí ọmọ náà ń gbọ́ ohun mìíràn pẹ̀lú. Láti inú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká ni ó ti ń gbọ́ orin àwọn ará ìlú òkèèrè, nínú èyí tí orin rọ́ọ̀kì wà, tí ohùn gìtá rẹ̀ ń kù bí ààrá ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Òmíràn nínú àwọn ọ̀dọ́ a gbọ́ ọ, ara rẹ̀ a yá, a sì pinnu pé òun náà yóò kọ́ ọ. Àwọn àgbà a gbọ́ ohun kan náà, wọn a sì wí pé ariwo lásán ni.

Àti ọmọ àti àgbà, kò sí èyí tí ó gbọ́ orin náà yé tán nínú wọn. Ọmọ rò pé bí òun bá ti lè mú kí gìtá pariwo tó, òun ti mọ̀ ọ́n lù. Àgbà rò pé níwọ̀n ìgbà tí ó ti ń pariwo, kò sí ọgbọ́n kankan nínú rẹ̀. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà ni pé agbára irú orin yìí kò sí nínú ariwo. Ó wà nínú ẹyọ orin kúkúrú kan tí a ń tún lù láìṣìṣe, àti nínú ìdákẹ́jẹ́ tí ó wà láàárín rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí gan-an sì ni àwọn onílù dùndún ti ń kọ́ ọmọ wọn láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ orúkọ gìtá.

Gìtá fúnra rẹ̀ kì í ṣe àlejò àná ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn atukọ̀ ojú òkun, pàápàá àwọn ará Kru láti ilẹ̀ Làìbéríà, wà lára àwọn tí ó gbé e káàkiri àwọn ìlú etí òkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, títí tí ó fi di ohun ìdárayá níbi tí àwọn ènìyàn ti ń mu ẹmu ní Èkó. Láàárín ọdún 1930 sí 1940 ni orin jùjú gbilẹ̀ ní ìlú náà, Túndé King sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú rẹ̀. Ní ìgbà náà, gìtá kò tíì ní iná nínú. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, kò sì lè dúró níwájú ìlù ńlá. Nítorí náà ni ẹgbẹ́ jùjú ìgbà náà kì í fi í ju ènìyàn mélòó kan lọ, tí ohùn ìlù wọn kò sì pọ̀.

Ní ọdún 1949, Àyìndé Bákàrè so gìtá rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí ń lo iná. Ní àkókò kan náà ni ìlù gángan ń wọ inú ẹgbẹ́ jùjú. Nǹkan méjèèjì yìí bá ara wọn mu, nítorí bí gìtá kò bá ní iná, gángan ì bá ti gbé e mì. Láti ìgbà náà ni ìlù àti gìtá ti ń jókòó pọ̀ bí ọmọ ìyá. Lẹ́yìn èyí ni I. K. Dáíró, ẹni tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963, àti Ebenezer Obey, àti King Sunny Adé, mú orin náà dé ibi tí gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n.

Kì í ṣe jùjú nìkan ni ọmọ Nàìjíríà fi gìtá oníná lù. Ní 1972, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta, Berkley Jones, Láolú Akíntọ́bi àti Mike Odùmósù, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Èkó tí wọ́n pè ní BLO. Berkley ni ó ń ta gìtá, ohùn tí ó sì ń mú jáde nínú rẹ̀ wúwo, ó sì ń han bí ohùn rọ́ọ̀kì àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Àwo wọn àkọ́kọ́, Chapter One, jáde ní 1973. Ní ọdún kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ St. Gregory's College ní Èkó, tí wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní Ofege, gbé àwo tiwọn tí ń jẹ́ Try and Love jáde. Ọmọ ilé ìwé girama ni wọ́n, síbẹ̀ títí di òní ni àwọn tí ó fẹ́ràn gìtá ń wá àwo náà káàkiri. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé iṣẹ́ yìí ga ju ọmọ ilé ìwé lọ, tàbí pé kò yẹ ọmọ ilẹ̀ wa.

Kí ẹni tí ó fẹ́ kọ́ gìtá oníná tó fi ọwọ́ kàn án, ó dára kí ó mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Pákó ni ara rẹ̀, ọrùn rẹ̀ gùn, a sì ta okùn onírin mẹ́fà láti òkè ọrùn dé ìdí. Lábẹ́ àwọn okùn náà ni irin òòfà wà, tí a fi wáyà bàbà tín-ín-rín wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí okùn bá gbọ̀n, ó ń da agbára òòfà náà láàmú, èyí yóò sì mú kí iná kékeré kan máa ṣàn nínú wáyà bàbà náà lọ sínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Ìdí nìyí tí okùn ọ̀rá kò fi wúlò fún irú gìtá yìí, nítorí òòfà kò mọ ọ̀rá. Okùn tí ó nípọn jù ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 82 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí ó tín-ín-rín jù ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 330. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó dábùú ọrùn gìtá. Bí a bá fi ìka tẹ okùn mọ́lẹ̀ ní àlàfo tí ó wà láàárín wọn, okùn náà yóò kúrú, ohùn rẹ̀ yóò sì gòkè.

Níbo ni ohùn tí ń han náà ti wá? Ẹ̀rọ agbóhùnsókè ní ìwọ̀n tí ó lè gbé. Bí iná tí ó wọ inú rẹ̀ bá ju ìwọ̀n náà lọ, ẹ̀rọ náà yóò gé orí ìgbì ohùn náà kúrò, bí ẹni fi àdá gé orí koríko. Gígé yìí a máa bí àwọn ohùn mìíràn sórí ohùn àkọ́kọ́, gbogbo wọn a sì pa pọ̀ di ohùn tí ó há, tí ó sì gbóná. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àléébù ẹ̀rọ ni àwọn ènìyàn ka èyí sí. Nígbà tí ó yá, àwọn olórin bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Kò yẹ kí èyí ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Àwọn àyàn ilẹ̀ wa pẹ̀lú kò fi ojú ìyáàlù sílẹ̀ lásán: wọ́n so ṣaworo yí i ká, kí ó lè máa ṣẹ́ wínrínwínrín mọ́ ohùn awọ. Ohun tí àwọn òyìnbó fi iná wá ni àwọn àyàn ti fi idẹ rí tẹ́lẹ̀, pé ohùn tí ó mọ́ gaara nìkan kọ́ ni í dùn mọ́ ènìyàn létí.

Gbígé ohùn yìí ní òfin tirẹ̀. Bí a bá lu okùn púpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ohùn tí ń han, wọn yóò jà, yóò sì di rúdurùdu. Ṣùgbọ́n ohùn méjì wà tí kì í jà: bí ọ̀kan bá gbọ̀n ní ẹ̀ẹ̀mejì, èkejì rẹ̀ a gbọ̀n ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ohùn méjì yìí ni àwọn onírọ́ọ̀kì fi ń kọ́ gbogbo ilé orin wọn. Nítorí náà, orin tí ó dàbí ẹni pé ó kún fún ohun gbogbo jẹ́ ohùn díẹ̀ ní ti gidi. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí orin rẹ̀ wúwo, díẹ̀ ni yóò lù, kì í ṣe púpọ̀.

Ẹyọ orin kúkúrú tí a ń tún lù yìí ni àwọn onígìtá ń pè ní riff. Kì í sábà ju kíkà mẹ́jọ tàbí mẹ́rìndínlógún lọ. Ó lè jẹ́ ohùn mẹ́rin péré, ṣùgbọ́n òun ni òpó tí orin dúró lé. Àwọn ọmọ ìlú Birmingham kan tí ń jẹ́ Black Sabbath, tí àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1970, fi irú rẹ̀ dá ẹ̀ka rọ́ọ̀kì tí ó wúwo jù lọ sílẹ̀. Nígbà tí ó di 1991, ẹgbẹ́ Nirvana láti Amẹ́ríkà gbé àwo Nevermind jáde, èyí tí ó mú kí alternative rock tàn kálẹ̀ ní gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ orin inú àwo náà rọlẹ̀ ní apá kan, ó sì bú jáde ní apá kejì. Bí kò bá rọlẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, bíbú rẹ̀ kì bá tí wọni lára.

Ẹni tí ó bá mọ ẹgbẹ́ dùndún yóò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀. Òun ni ó ń pòwe, tí ó sì ń kini. Ṣùgbọ́n kẹríkẹrì, ìṣáájú, kànǹàngó àti gúdúgúdú kì í rìn gbéregbère bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tiwọn ni láti di ẹyọ ìlù kan mú, kí wọ́n máa tún un lù, láìyára, láìfà sẹ́yìn, títí ìyáàlù yóò fi sọ ohun tí ó fẹ́ sọ tán. Gúdúgúdú kékeré, tí a fi awọ lílọ́ lù, kò ní ju ohùn díẹ̀ lọ. Síbẹ̀ bí ó bá ṣìṣe, gbogbo agbo ni yóò mọ̀, ẹsẹ̀ àwọn oníjó yóò sì kọ́. Riff tí gìtá ń lù nínú rọ́ọ̀kì ń ṣe iṣẹ́ omele. Ọmọ tí ó ti jókòó lẹ́yìn onílù rí ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ náà kí ó tó ra gìtá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ìdí òfì ní Ìsẹ́yìn, ìlú tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ aṣọ òkè. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ahunṣọ ń hun, iṣẹ́ ọnà kan náà ni ó sì ń tún ṣe láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kò lè wí pé nítorí òun ti ṣe é ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, kí ti ìgbà kan lé lọ́gọ́rùn-ún wọ́. Bí wọ́n bá rán àwọn aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ náà pọ̀, ibi tí ó wọ́ yóò hàn. Orin pẹ̀lú, bí a ti ń tún un lù ni a ń rán an pọ̀.

Báwo, nígbà náà, ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe bẹ̀rẹ̀? Èkíní ni gbígbọ́. Kí ó gbọ́ ẹyọ orin tí ó yàn títí yóò fi lè fi ẹnu pè é láìsí gìtá lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí ọmọ àyàn ti ń fi ẹnu pe ìlù kí ọ̀pá tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí ẹnu kò bá lè pè, ọwọ́ kò lè lù ú.

Èkejì ni títún ohùn okùn ṣe. Láti orí èyí tí ó nípọn jù, orúkọ ohùn àwọn okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni E, A, D, G, B àti E. Fún orin tí ó wúwo, ọ̀pọ̀ a máa dẹ okùn tí ó nípọn jù náà sílẹ̀ láti E sí D, tí yóò fi máa gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 73 dípò 82. Èyí ní àǹfààní méjì: ohùn náà á túbọ̀ rẹlẹ̀, ìka kan ṣoṣo tí a bá sì tẹ́ dábùú okùn mẹ́ta tí ó nípọn jù á mú ohùn tí kì í jà jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀kẹta ni kíkọ́ ọwọ́ òsì. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí ó ní kíkà mẹ́jọ. Ní kíkà kìíní àti èkejì, kí akẹ́kọ̀ọ́ lu okùn mẹ́ta náà láìtẹ̀ wọ́n. Ní ẹ̀kẹta, kí ó tẹ̀ wọ́n ní àlàfo kẹta. Ní ẹ̀kẹrin, kí ó padà sí àìtẹ̀. Ní ẹ̀karùn-ún, kí ó tẹ̀ wọ́n ní àlàfo karùn-ún. Ní ẹ̀kẹfà, kí ó tún wá sí àlàfo kẹta. Ní èkeje àti ẹ̀kẹjọ, kí ó dákẹ́. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ọmọdé lè kọ́ ibi tí ìka ń lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n kí orin náà tó dúró ṣinṣin, ó lè tó oṣù kan.

Ẹ̀kẹrin ni ọwọ́ ọ̀tún, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú fò. Ike pẹlẹbẹ kékeré ni a fi ń lu okùn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ ní ìdí wọn bí ó ti ń lù ú, ohùn náà kò ní fà. Yóò kúrú, yóò sì dún gbì, gbì, bí ẹsẹ̀ ẹni tí ó sanra lórí ilẹ̀. Bí ó bá gbé ọwọ́ náà kúrò, ohùn á là. Nípa fífi ọwọ́ kàn án àti gbígbé e kúrò, ohùn kan náà á máa sọ ọ̀rọ̀ méjì.

Ẹ̀karùn-ún ni ìdákẹ́jẹ́, òun ni ó sì ṣòro jù. Nínú gìtá tí kò ní iná, bí a bá dáwọ́ dúró, ohùn á kú fúnra rẹ̀. Nínú gìtá tí ń han, okùn kì í fẹ́ dákẹ́: bí afẹ́fẹ́ bá kàn án, yóò dún, bí ó bá sún mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì pa okùn ní kíkà keje, ní àkókò rẹ̀ gan-an, kí ó sì dì í mú títí kíkà mẹ́jọ yóò fi parí. Ibi ìdákẹ́jẹ́ yìí ni a ti ń mọ ẹni tí ó kọ́ orin yàtọ̀ sí ẹni tí ó ń pariwo. Ìlù tí ó bá ń dún àdúnjù, yíya ni ó ń fẹ́ ya.

Ẹ̀kẹfà ni sùúrù. Ẹ̀rọ kan wà tí ń dún kọ́, kọ́, kọ́ láti fi ka orin; ó sì wà lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ alágbèéká. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi í sí kíkà 60 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá lu ẹyọ orin náà ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá láìṣìṣe, kí ó gòkè sí 66, lẹ́yìn náà 72, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá ṣìṣe, kí ó padà sẹ́yìn láìbínú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọwọ́ tí ó fi ìkánjú kọ́ àṣìṣe yóò máa rántí àṣìṣe náà, a ó sì ṣe wàhálà púpọ̀ kí a tó lè mú kí ó gbàgbé rẹ̀.

Èkeje ni kí ó lù ú pẹ̀lú ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá ń dá lù nínú yàrá lè máa tan ara rẹ̀ jẹ. Ó lè dúró níbi tí ó ṣòro, kí ó sì sáré níbi tí ó rọrùn. Bí onílù bá jókòó tì í, àṣírí yóò tú. Ọmọ Òkè-Ògùn kò ṣe aláìní ní ti èyí, nítorí kò sí àdúgbò rẹ̀ tí kò ti ní lè rí ẹni tí ó mọ ìlù lù. Kí ó bẹ̀ ẹ́ kí ó lu omele fún òun, kí òun sì fi gìtá tẹ̀ lé e.

Kò sí iṣẹ́ tí kò ní ìnira tirẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, okùn onírin yóò ge ìka akẹ́kọ̀ọ́, yóò sì máa ta á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, awọ ìka náà á yi. Iná mànàmáná kì í sábà dúró, ṣùgbọ́n àìsí iná kò dá ẹ̀kọ́ dúró. Gìtá oníná tí a kò so mọ́ ẹ̀rọ ṣì ní ohùn kékeré tí ẹni tí ó ń lù ú lè gbọ́, èyí sì tó láti kọ́ ọwọ́. Kódà ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ariwo tí yóò bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ọ̀dàn a máa mú kí pákó gìtá sún kì, orí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ a yọ sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn, ohùn okùn a sì yí. Onílù mọ irú èyí dáadáa, nítorí awọ ìlù tirẹ̀ pẹ̀lú a máa le nígbà ọyẹ́, a sì máa rọ̀ nígbà òjò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa tún ohùn okùn ṣe lójoojúmọ́, kí ó má sì gbé gìtá sínú oòrùn.

Ó gbọ́dọ̀ ṣọ́ etí rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí etí tí ó bá di kò ní àrópò. Àwọn onímọ̀ wí pé ariwo tí ó tó 85 lórí òṣùwọ̀n decibel kò yẹ kí ó kọjá wákàtí mẹ́jọ létí ènìyàn ní ọjọ́ kan, àti pé bí ó bá ti fi mẹ́ta lé sí i, kí a pín àkókò náà sí méjì. Bí ó bá di 100, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni ó kù. Àwọn àgbà tí ó ń bẹ̀rù ariwo kò jẹ̀bi ní apá yìí.

Bí ìnira bá sì fẹ́ mú akẹ́kọ̀ọ́ sọ gìtá nù, kí ó rántí Tony Iommi, onígìtá ẹgbẹ́ Black Sabbath. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin kan ní Birmingham. Ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ó jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ gé orí ìka méjì tí ó wà láàárín ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Nítorí náà, ọwọ́ ọ̀tún yìí gan-an ni ó fi ń tẹ okùn. Ìbànújẹ́ bò ó, ó sì rò pé gìtá ti parí fún òun. Ọ̀gá rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ mú àwo Django Reinhardt wá fún un, ẹni tí iná jó ọwọ́ òsì rẹ̀ ní 1928, tí ó sì fi ìka méjì di ọ̀kan nínú àwọn onígìtá tí ó tayọ jù lọ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Nígbà tí Iommi gbọ́ èyí, ó dìde. Ó yọ́ ìgò oníke, ó fi mọ fìlà fún ìka rẹ̀ méjèèjì, ó sì fi awọ bò ó. Ó wá okùn tí kò nípọn; nígbà tí ó yá, ó dẹ okùn náà sílẹ̀ kí ó lè rọrùn láti tẹ̀. Bí okùn ti dẹ̀ ni ohùn rẹ̀ túbọ̀ rẹlẹ̀, tí ó sì túbọ̀ wúwo. Ohùn tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ayé ń gbìyànjú láti fi ìka mẹ́wàá pípé mú jáde lónìí, láti ọwọ́ ẹni tí orí ìka rẹ̀ kò pé ni ó ti wá.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèǹgbè. Ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ràn gìtá oníná ní ohun kan tí àgbà kò ní, èyíinì ni etí tí ó ń gba orin tuntun. Àgbà onílù ní ohun kan tí ọ̀dọ́ kò ní, èyíinì ni ọwọ́ tí ó ti kọ́ láti tún nǹkan kan ṣe ní ẹgbẹ̀rún ìgbà kí ó má sì wọ́. Bí ọ̀dọ́ bá fi àgbà sílẹ̀ nítorí pé ìlù ti di ohun àtijọ́, ariwo ni yóò máa pa kiri. Bí àgbà bá lé ọ̀dọ́ kúrò nítorí pé gìtá jẹ́ ohun àjèjì, òun fúnra rẹ̀ ni ó pàdánù akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá jókòó pọ̀, tí ọ̀kan di omele mú, tí èkejì di gìtá mú, tí wọ́n jọ lu kíkà mẹ́fà, tí wọ́n sì jọ dákẹ́ ní kíkà méjì, ẹni tí ń kọjá lọ ní títì yóò dúró gbọ́.

Ìbéèrè lórí àyọkà yìí

1. Kí ni ó jẹ́ kí ẹgbẹ́ jùjú ayé àtijọ́ má ní ìlù ńlá púpọ̀, kí sì ni ó yí èyí padà ní 1949?
2. Ṣàlàyé bí okùn onírin àti irin òòfà ti ń mú ohùn gìtá oníná jáde.
3. Irú iṣẹ́ wo ni ṣaworo àti ohùn tí ń han jọ ń ṣe?
4. Kí ló dé tí ìdákẹ́jẹ́ fi ṣòro ju lílù lọ nínú gìtá oníná?
5. Àwọn àgbà kan ní ariwo ni orin rọ́ọ̀kì. Ibo ni ọ̀rọ̀ wọn ti tọ̀nà, ibo ni kò sì ti tọ̀nà? Fi ọ̀rọ̀ ara rẹ dáhùn.
6. Kọ àròkọ lórí iṣẹ́ ọwọ́ kan ní ìlú rẹ tí ó ń fẹ́ kí ènìyàn máa tún nǹkan kan náà ṣe láìwọ́.